Táyà Ẹ̀yìn fún Ojú Ọ̀nà Ẹlẹ́rẹ̀: Èyí Tó Fẹ̀ Jù Kọ́ Ló Yẹ

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí gígun kẹ̀kẹ́ orí òkè lákòókò òjò, inú mi sì dùn pé ẹ fún eré ìdárayá yìí láyè nínú ìwé ìròyìn yín. Púpọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ ló tọ̀nà, pàápàá ọ̀rọ̀ nípa fífọ ṣéènì àti fífi òróró sí i. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni n kò lè gbójú fò. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí òǹkàwé lọ ra táyà tó bá fẹ̀ jù, tí eyín rẹ̀, ìyẹn àwọn rọ́bà kéékèèké tó yọ síta lára rẹ̀, sì gùn jù, kí ó fi irú kan náà sí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó ní ẹrẹ̀ kankan kò ní lè dá a dúró mọ́. Ní ti ẹsẹ̀ iwájú, mo lè bá a gbà dé ìwọ̀n kan. Ní ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí í ṣe ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ẹni tó bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn náà gẹ́lẹ́ lè rí i pé òun ni òun ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló ń gbé òun.

Iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjèèjì ń ṣe yàtọ̀ síra. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń darí, òun náà ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì, nítorí pé bí a bá ti tẹ bíréèkì báyìí, ìwúwo ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á sún síwájú. Bí ó bá yọ̀ mọ́ni lábẹ́ níbi tí ọ̀nà ti yí, kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, a ti wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní tirẹ̀ ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo ẹni, pàápàá nígbà tí a bá ń gun òkè. Òun ni ṣéènì ń yí, nípasẹ̀ rẹ̀ nìkan sì ni agbára tí a fi ń tẹ pẹ́dà fi ń dé ilẹ̀. Bí ó bá fì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹni tí kẹ̀kẹ́ ti mọ́ lára lè fi ìbàdí dá a padà sójú ọ̀nà, àwọn kan tilẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó fì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń yí lójú kan láìmú ilẹ̀, kò sí ọgbọ́n ara tó lè gbé kẹ̀kẹ́ náà gun òkè. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ táyà ẹ̀yìn ni bí yóò ṣe mú ilẹ̀ nígbà tí a bá ń tẹ pẹ́dà, bí yóò ṣe di ilẹ̀ mú nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, àti bí ẹrẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn yóò ṣe tètè já bọ́. Dídi ilẹ̀ mú níbi tí ọ̀nà ti yí, tí í ṣe iṣẹ́ pàtàkì táyà iwájú, lè wá tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí jíjábọ́ ẹrẹ̀, nítorí pé àpilẹ̀kọ yín kò mẹ́nu bà á rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu bóyá ìyókù wúlò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí láàárín apá méjì férémù tó na láti ibi pẹ́dà lọ sí ìdí ẹsẹ̀ náà, ibẹ̀ sì sábà máa ń há ju ẹnu fọ́ọ̀kì iwájú lọ, torí pé àwọn tó ṣe kẹ̀kẹ́ ní láti wá àyè fún ṣéènì, fún ohun tó ń fà á àti fún férémù fúnra rẹ̀ lójú kan náà. Táyà tó fẹ̀ dé ibi tí férémù lè gbà mọ lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí amọ̀ bá ti bò ó tán, àyè kékeré tó ṣẹ́kù á dí. Ewé àti ẹ̀ká wẹ́wẹ́ á dara pọ̀ mọ́ amọ̀ náà, á le bí èyí tí wọ́n fi mọ ògiri, táyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara gbo ó títí kò fi ní lè yí mọ́. Iyanrìn inú ẹrẹ̀ yẹn á máa họ ọ̀dà férémù títí yóò fi kan ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì fi kábọ̀n ṣe férémù náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹwà nìkan. Ká ní táyà tó dára jù lọ láyé ló wà níbẹ̀, kò lè wúlò nígbà tí kò bá lè yí.

Nítorí náà, kí a tó wo eyín táyà, ó yẹ kí a wọn férémù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń kọ ìbú táyà tó tóbi jù tí férémù wọn lè gbà sínú ìwé tó bá kẹ̀kẹ́ wá, àlàfo tí wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ kó ṣẹ́kù láàárín táyà àti férémù jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 6. Ìwọ̀n yẹn wà fún ààbò lásán, kò ro ti amọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń gùn nínú amọ̀ tó ń lẹ̀ yóò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti lókè. Ohun tí wọ́n kọ sí ara táyà lè ràn wá lọ́wọ́: bí a bá rí 61-622, ìbú táyà náà jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 61, tí í ṣe íǹṣì 2.4, nígbà tí 622 jẹ́ ìwọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ kan ríìmù dé èkejì níbi tí táyà ti jókòó, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní 29. Ti 27.5 jẹ́ 584, ti 26 àtijọ́ sì jẹ́ 559. Ẹ má kàn gba nọ́ńbà ìbú gbọ́ láìwọ̀n ọ́n o, torí pé táyà kan náà máa ń fẹ̀ sí i lórí ríìmù tó gbòòrò, eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè yọ síta ju ara rọ́bà lọ. Ibi tí eyín ẹ̀gbẹ́ bá yọ dé ni kí a wọn.

Ọ̀rọ̀ ìbú yìí gan-an ni èmi àti ẹni tó kọ àpilẹ̀kọ náà kò ti gbọ́ra wa yé. Ó ní táyà tó fẹ̀ kì í rì. Òótọ́ ni, lórí iyanrìn àti lórí yìnyín, níbi tí kò ti sí ilẹ̀ líle nítòsí. Ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe àwọn kẹ̀kẹ́ kan tí táyà wọn fẹ̀ tó íǹṣì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà inú igbó kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó kàn fi ara lé orí ilẹ̀ tó ṣì le ni, táyà tó fẹ̀ á sì máa léfòó lórí ohun tó ń yọ̀ náà láìkan ilẹ̀ gidi tó wà nísàlẹ̀. Táyà tó tín-ín-rín díẹ̀ ń kó ìwúwo ẹni jọ sójú kan, ó ń gé ẹrẹ̀ náà kọjá, eyín rẹ̀ á sì rí ohun tó ṣeé gbá mú. Ẹ wo eré ìje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní cyclo-cross, tí wọ́n ń sá nínú ẹrẹ̀ ilẹ̀ Belgium àti Netherlands lákòókò òtútù. UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, kò gbà kí táyà wọn fẹ̀ ju mílímítà 33 lọ, síbẹ̀ wọ́n ń la ẹrẹ̀ kọjá tí ọ̀pọ̀ wa ò ní fẹ́ fi bàtà tẹ̀. N kò ní kí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ orí òkè lọ fi mílímítà 33 sí ẹ̀yìn, nítorí òkúta àkọ́kọ́ ni yóò fọ́ ríìmù rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbú kọ́ ló ń borí ẹrẹ̀. Ẹni tó ń lo íǹṣì 2.5 tàbí 2.6 nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, 2.3 tàbí 2.4 ni mo rò pé ó yẹ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n yóò rí i nínú àyè tó ṣẹ́kù nínú férémù.

Eyín táyà ló wá kàn, ibẹ̀ sì ni ojú ti ń tan ọ̀pọ̀ olùrajà jẹ. Pé eyín gígùn ń wọ ilẹ̀ rírọ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín eyín kan àti èkejì ṣe pàtàkì tó gígùn rẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ jù ú lọ. Yíyí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló ń ju ẹrẹ̀ dànù, bó bá sì ṣe ń yára yí sí ni ẹrẹ̀ ń fò kúrò lára rẹ̀ sí. Nígbà tí a bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo táyà ló ń nu ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a bá ń gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀, agbára tó ń ju ẹrẹ̀ dànù yẹn kò tó nǹkan mọ́, àsìkò yẹn gan-an sì ni a nílò eyín tó mọ́ jù lọ. Àlàfo tó fẹ̀ ló lè gbà wá níbẹ̀, torí pé ẹrẹ̀ kò ní rí ibi tóóró há ara rẹ̀ sí. Táyà tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra, bó ti wù kí eyín náà gùn tó, amọ̀ á dí gbogbo àárín rẹ̀, á sì di bọ̀rọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní ti ẹ̀yìn, eyín àárín ni kí a fi ojú sí jù. Èyí tó gbòòrò lọ́nà ìbú, tí etí rẹ̀ sì dúró ṣánṣán, ló ń ṣiṣẹ́: etí tó kọjú sẹ́yìn ló ń ti ilẹ̀ nígbà tí a bá ń tẹ pẹ́dà, etí tó kọjú síwájú ló sì ń ta kú nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Wọ́n sábà máa ń dá etí tó ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀, tí í ṣe èyí tó kọjú sẹ́yìn yẹn, gẹ̀rẹ́ kí táyà lè máa yí fẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí ó bá kéré, kò burú. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á máa yí lójú kan nínú ẹrẹ̀ nígbà tí a bá ń tẹ pẹ́dà. Kí a sì tẹ̀ lé ọfà tó wà lára táyà nígbà tí a bá ń dè é, torí pé àwọn kan ní ọfà méjì, ọ̀kan fún iwájú, èkejì fún ẹ̀yìn, tí wọ́n sì dojú kọ ibi tó yàtọ̀.

Kí ló wá burú nínú kí a gbé táyà ẹlẹ́rẹ̀ pọ́ńbélé, èyí tí eyín rẹ̀ gùn ṣóṣóró, sí ẹ̀yìn? Kò sí, bó bá jẹ́ pé ẹrẹ̀ jíjìn ni gbogbo ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó ti ń rí ní ibi ìdíje kan lẹ́yìn òjò ńlá. Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni kí a bá ẹrẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí gbòǹgbò igi tó tutù tẹ̀ lé e, kí òkúta tẹ̀ lé ìyẹn, kí a sì tún já sórí ilẹ̀ tó ti ń gbẹ. Eyín gígùn kò lè wọ gbòǹgbò, kò sì lè wọ òkúta. Orí rẹ̀ kékeré ló fi ń kàn wọ́n, á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ ìwúwo ẹni, kẹ̀kẹ́ á sì yọ̀ lójijì níbi tí a ti rò pé ewu ti tán. Lórí ilẹ̀ líle, ó ń fa ẹni sẹ́yìn, ó sì ń tètè jẹ, pàápàá ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí agbára pẹ́dà ń gbà kọjá. Irú tí mo fara mọ́ fún ẹ̀yìn ni èyí tó wà láàárín: eyín rẹ̀ ga ju ti táyà ilẹ̀ gbígbẹ lọ, kò ga tó ti táyà ẹlẹ́rẹ̀ pọ́ńbélé, àlàfo rẹ̀ sì fẹ̀. Àwọn eléré ìje ti ń fi ọwọ́ ara wọn gé eyín táyà ẹlẹ́rẹ̀ kúrú kí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bẹ́ẹ̀ tà. Táyà Shorty ti ilé iṣẹ́ Maxxis jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀.

Lórí gbòǹgbò àti òkúta tó tutù, eyín kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, rọ́bà ló ń ṣe é. Rọ́bà tó rọ̀ ń fara mọ́ ojú òkúta, èyí tó le ń yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n ń wọn líle rọ́bà lórí ìwọ̀n Shore A, nọ́ńbà tó bá kéré ló rọ̀ jù: èyí tó wà ní nǹkan bíi 42 sí 50 rọ̀ dáadáa, èyí tó ti tó 60 sókè ti le fún iṣẹ́ tí à ń sọ yìí. Òtútù tún máa ń mú kí rọ́bà le ju bí ó ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò kàn ní ra èyí tó rọ̀ jù fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìdáhùn mi ni pé rọ́bà tó rọ̀ jù wúwo láti tẹ̀, ẹ̀yìn ló sì ń tètè jẹ. Ipò kejì nínú rírọ̀ tó fún ẹ̀yìn, kí a fi èyí tó rọ̀ jù sí iwájú tí yíyọ̀ rẹ̀ ń gbé ni ṣubú. Àwọn ilé iṣẹ́ ti jẹ́ kí èyí rọrùn láti dá mọ̀. Schwalbe, láti ọdún 2017 tí wọ́n ti gbé rọ́bà Addix jáde, ń fi ìlà aláwọ̀ ọsàn sí ara táyà Soft, wọ́n sì ń fi ti àlùkò sí Ultra Soft; ti Maxxis ni MaxxTerra àti MaxxGrip. Nínú méjèèjì, èyí tí mo kọ́kọ́ dárúkọ ló yẹ ẹ̀yìn.

Àwọn tó ń ṣe táyà pàápàá kò gbà pé irú kan náà ló yẹ ẹsẹ̀ méjèèjì. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ Minion DHF àti Minion DHR ti Maxxis ń sọ èyí tó jẹ́ ti iwájú àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yìn. Nígbà tí Continental tún àwọn táyà orí òkè wọn ṣe ní ọdún 2022, wọ́n ṣe Kryptotal ní oríṣi méjì, Fr fún iwájú àti Re fún ẹ̀yìn, wọ́n sì ya Argotal sọ́tọ̀ fún ilẹ̀ rírọ̀, wọ́n ya Hydrotal sọ́tọ̀ fún ẹrẹ̀ gidi. Bí mo bá ní láti yàn nínú àwọn wọ̀nyí fún ọ̀nà tó tutù tí gbòǹgbò àti ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, Argotal ni mo máa gbé sí iwájú, kí Kryptotal Re wà lẹ́yìn. Nígbà tí ẹrẹ̀ bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni Argotal á tó bọ́ sí ẹ̀yìn. Hydrotal ní tirẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń díje.

Afẹ́fẹ́ inú táyà kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ àṣìṣe ibẹ̀ lè ba gbogbo ohun tí a ti rà jẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń jò ó dànù jù nígbà òjò. Ó ń ràn wá lọ́wọ́ lórí gbòǹgbò, lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀, táyà tó rọ̀ jù á tẹ́ pẹrẹsẹ, eyín rẹ̀ kò sì ní wọlẹ̀ mọ́. Òkúta tí ẹrẹ̀ bò mọ́lẹ̀, tí a kò rí, á sì lù ú mọ́ ríìmù. Ẹni tó wúwo tó kílò 75, tó ń lo táyà íǹṣì 2.4 tí kò ní túùbù nínú, lè bẹ̀rẹ̀ láti psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) 24 lẹ́yìn àti 22 níwájú, kí ó máa yí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gáàjì ni kí ó fi wọ̀n ọ́n, torí pé àtàǹpàkò kò lè mọ ìyàtọ̀ psi 2. Nítorí òkúta tó fara pa mọ́ náà ni mo fi gbà pé ara táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ nípọn ju ti iwájú lọ, bó tilẹ̀ fi ìwúwo kún un. Ọ̀nà kan sì wà tí kò sí táyà fún: èyí tí amọ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ débi pé kẹ̀kẹ́ ń dúró, tí ipa táyà sì ń jìn sílẹ̀ lẹ́yìn wa. Kí a padà ló dára níbẹ̀, torí pé ipa yẹn á gbẹ, á sì le mọ́ gbogbo ẹni tó bá tún gba ibẹ̀.

Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé lórí kókó yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ gba òǹkàwé ní ìmọ̀ràn láti kọ́kọ́ wo táyà tó ti wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ó tó náwó. Bí etí eyín àárín táyà ẹ̀yìn bá ti di róbótó, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nínú ẹrẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín náà ṣì ga. Owó táyà kan ṣoṣo lè tó láti tún ẹsẹ̀ méjèèjì ṣe: kí ó ra tuntun tó rọ̀ sí iwájú, kí ó sì gbé ti iwájú tẹ́lẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn, bí ìbú rẹ̀ kò bá ti ju èyí tí férémù lè gbà lọ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ orí òkè kan